Orí Kẹfà: Èdè Wo Ni Ọmọ Yóò Mú ní 4ème?

Ìbéèrè náà kì í gba ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí 5ème bá ń parí lọ, tàbí lọ́sẹ̀ tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ 4ème, ẹnì kan á dúró níwájú kíláàsì, á ní: ta ló ń lọ sí ML, ta ló ń lọ sí MC? Ọmọ á wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, á sì nawọ́ síbi tí ọ̀rẹ́ nawọ́ sí. Lákòókò yẹn, ìyá rẹ̀ wà lọ́jà Pobẹ̀, ó ń wọn gàrí. Bàbá rẹ̀ wà nídìí ọ̀pẹ. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí wọn pé ilẹ̀kùn kan ti fẹ́ tì. Ọdún méjì á kọjá, ọmọ á gba BEPC, á ní òun fẹ́ ṣe A1 kí òun lè di olùkọ́ èdè. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gbọ́ pé láti 4ème ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti yanjú.

Ìyá yẹn àti bàbá yẹn ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ọmọ tó bá lè ka Yorùbá fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mú èdè, ẹ má sì jẹ́ kó sá fún èdè, títí ẹ ó fi mọ olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ àti ẹni tí ọmọ yóò máa bá sọ ọ́. Orúkọ èdè lásán kò tó nǹkan.

MC àti ML

Láti 6ème ni gbogbo ọmọ CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba, ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó fẹ́ ẹ. Òun ni wọ́n ń pè ní LV1, ó sì ń bá ọmọ lọ títí dé BAC. Ní 4ème ni ọ̀nà ti yà. Kíláàsì ML, ìyẹn Moderne Long, á gba èdè kejì kún un, LV2, tó jẹ́ pé Jámánì ni tàbí Sípáníìṣì ní ọ̀pọ̀ ibi. Kíláàsì MC, Moderne Court, kò ní in. Lọ́jọ́ BEPC, ọmọ ML á jókòó ti ìwé ìdánwò kan tí ọmọ MC kò ní fojú kàn.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, àwọn èèyàn ti sọ «kúkúrú» (Court) àti «gígùn» (Long) yìí di ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Wọ́n ní ọ̀lẹ ló ń ṣe MC. Irọ́ ni. Wọ́n tún ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà kò gbọdọ̀ fi èdè kejì da ara rẹ̀ láàmú. Èyí ní òótọ́ díẹ̀ nínú, nítorí séríì C, tí ìṣirò àti PCT (físíìsì àti kẹ́místrì) jẹ́ ẹrù rẹ̀, àti séríì D, tó gbára lé SVT (ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè), kò fi LV2 ṣe dandan. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń sọ pé dókítà lòun máa ṣe, ẹ bi í ní ọdún mẹ́ta sí i, bóyá amòfin ló ń wù ú nígbà yẹn, tàbí kó ní òun fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹni tó wọ mọ́tò Kétu láti Àjàṣẹ́ lè sọ̀ ní Sakẹ́tẹ́, ó lè sọ̀ ní Pobẹ̀, ó sì lè bá a dé Kétu. Ẹni tó wọ mọ́tò Sakẹ́tẹ́, Sakẹ́tẹ́ náà ni mọ́tò á já a sí. ML ni mọ́tò Kétu. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ jáde lè yà sí C tàbí D, ó sì lè yà sí A1 tí í ṣe ti lítíréṣọ̀ àti èdè, bí máàkì rẹ̀ bá ti gbè é. Fún ọmọ MC, A1 ti há. Ní ti A2 àti B, ẹ lọ bi sẹ́ńsọ̀ (censeur, tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́) ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín gan-an kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan, nítorí séríì tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní lè má sí ní èkejì.

Nítorí náà, bí ọkàn yín bá ń ṣe méjì, ML ni kí ẹ mú. Ọmọ kan wà tí mo máa ń yọ sílẹ̀ nínú ìmọ̀ràn yìí: èyí tí Faransé fúnra rẹ̀ kò tíì gún mọ́ lẹ́nu, tó ń gba mẹ́fà tàbí méje lórí ogún nínú àkọsílẹ̀ Faransé, tó sì jẹ́ pé ìṣirò nìkan ló ń gbé e nílẹ̀. Bí a bá gbé Jámánì lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí, ẹrù kẹta ló di yẹn lórí ẹni tí ti àkọ́kọ́ ṣì ń tẹ̀ lọ́rùn. Ẹ fi sí MC, kí ẹ sì fi owó tí ẹ bá rí san TD Faransé, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún.

Ẹ kọ́kọ́ wá olùkọ́

Lọ́dún tí èmi wọ 4ème, wọ́n kọ Jámánì sí wákàtí iṣẹ́ wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Títí Kérésìmesì fi dé, a ò fojú kan olùkọ́. Bọ́ọ̀lù la fi ń gbá wákàtí Jámánì, inú wa sì dùn gan-an ni. Nígbà tó wá dé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè, ó ní ká ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún ní Jámánì fún òun. Ọmọ kan ló kà á dé mẹ́rin. Oṣù mẹ́ta tó sọnù yẹn kò padà mọ́. A gbé e lọ sí 3ème, a sì gbé e wọ yàrá ìdánwò. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ «Guten Tag», bọ́ọ̀lù ni mo máa ń rí lójú ọkàn.

Ìdí nìyí tí mo fi fi olùkọ́ ṣáájú èdè. Láti 2019, ìjọba ti ń gba àwọn tí a ń pè ní AME, aspirants au métier d'enseignant, láti fi dí àlàfo olùkọ́. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n wọ́n lè pín wákàtí ẹnì kan sí CEG ju ẹyọ kan lọ, ẹni tó kọ́ ọmọ lọ́dún yìí sì lè wà ní ibòmíràn bí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé padà. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi bẹ́ẹ̀ jìyà èyí, nítorí olùkọ́ rẹ̀ pọ̀. Èdè kejì ló máa ń jìyà rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ bi. Òun ló mú ìwé wákàtí iṣẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe dìrẹ́tọ̀. Ẹ bi í pé: ta ló kọ́ Jámánì ní 3ème ML lọ́dún tó kọjá? Ṣé ó ṣì wà? Pobẹ̀ ló ń gbé ni, àbí Àjàṣẹ́ ló ti ń wá? Ẹni tó bá ń ti Àjàṣẹ́ wá láàárọ̀, òjò Okúdù á máa dá a dúró.

Ọ̀nà kejì wà tó dá mi lójú ju ẹnu sẹ́ńsọ̀ lọ. Ẹ wá ọmọ àdúgbò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí 3ème ML ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà, kí ẹ ní kó gbé káyé Sípáníìṣì rẹ̀ wá. Kò pọn dandan kí ẹ gbọ́ Sípáníìṣì. Ẹ wo déètì tó wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i pé ó fo láti oṣù kọkànlá bọ́ sí oṣù kejì, ẹ ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ tún wo bóyá bíìkì pupa olùkọ́ kan ojú ewé náà rí. Ìyá kan tí kò lọ sí ilé ìwé rí lè ṣe àyẹ̀wò yìí ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì sàn ju àlàyé gígùn lọ.

Bí ẹ bá rí i pé olùkọ́ Sípáníìṣì fìdí múlẹ̀, tí ti Jámánì sì ń lọ tó ń bọ̀, ìbéèrè parí nìyẹn. Ẹ fo ìsọ̀rí tó kàn.

Bí olùkọ́ méjèèjì bá wà

Sípáníìṣì àti Faransé bá ara wọn tan. Ọmọ tó mọ «trois», «mille» àti «livre» ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ «tres», «mil» àti «libro». Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe ń kà á, gẹ́gẹ́ bíi Yorùbá. Fáwẹ̀lì márùn-ún ló ní, a, e, i, o, u, gbogbo wọn ló sì wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ọmọ á tètè yá ẹnu, máàkì á sì dára ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, tí ìrísí rẹ̀ ń yí padà bí olùṣe àti àsìkò bá ti yí, ìyẹn sì máa ń dé ní 3ème.

Ti Jámánì yàtọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le. Yorùbá kò ya ọ̀rọ̀ sí akọ àti abo; Faransé wá kọ́ wa ní méjì; Jámánì tún dé, ó ní mẹ́ta ni, der, die àti das, ó sì tún ń pààrọ̀ wọn sí ìrísí míì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú gbólóhùn. Gẹ̀ẹ́sì ló bá tan: «Haus» àti «house», «Buch» àti «book», «Wasser» àti «water». Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ti dùn mọ́ láti 6ème á rí i pé bí òun ti ń kọ́ ọ̀kan ni èkejì ń lágbára sí i. Ìlànà tèmi nìyí o, ẹ lè bá mi jiyàn: bí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ bá dára, Jámánì, bí Faransé rẹ̀ bá dára tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń ṣe é bí ẹni ń jẹ òkúta, Sípáníìṣì.

Àǹfààní wo ló wà níwájú? Yunifásítì Abomey-Calavi ń kọ́ni ní Jámánì àti Sípáníìṣì bó ṣe ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀nà tó dópin ní BAC. Jámánì ní ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí. Láti oṣù kẹfà 2024 ni orílẹ̀-èdè náà ti gbé ìwé àṣẹ kan jáde, Chancenkarte, fún ẹni tó bá fẹ́ wá iṣẹ́ síbẹ̀. Ní ti èdè, Jámánì ìpele A1 tàbí Gẹ̀ẹ́sì ìpele B2 ni wọ́n ń béèrè. Ẹ tètí sí ìyókù: wọ́n tún ń béèrè ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó gba ó kéré tán ọdún méjì, tàbí ti yunifásítì, pẹ̀lú ẹ̀rí pé owó wà lọ́wọ́ ẹni. Ọmọ tó bá ní BEPC àti Jámánì CEG kò tíì dé ibẹ̀. Ẹni tó bá wá sí Sakẹ́tẹ́ tó ní òun ń ta «ìwé Jámánì», ẹ jẹ́ kó máa lọ. Goethe-Institut, ilé ẹ̀kọ́ èdè Jámánì, ní ilé tirẹ̀ ní Lomé, èèyàn sì lè ṣe ìdánwò rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti Sípáníìṣì, nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè ló ń fi í ṣe èdè ìjọba. Ọ̀kan wà ní Áfíríkà níbí, Equatorial Guinea, tó bá Gàbọ́ọ̀nù pààlà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń sọ fún ọmọ tó bá ti agbo ilé ọlọ́rìṣà wá, tí mi ò sì tíì gbọ́ kí wọ́n sọ ní kíláàsì kankan, ni pé Sípáníìṣì ni èdè tí wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé nípa àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí Kúbà. Lukumí ni wọ́n ń pe èdè òrìṣà níbẹ̀. Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja kò fi bẹ́ẹ̀ yí orúkọ padà. Lydia Cabrera tẹ ìwé ńlá rẹ̀, El Monte, jáde ní Havana ní 1954, ewé àti ìgbàgbọ́ ló kún inú rẹ̀. Ọmọ Sakẹ́tẹ́ tí bàbá rẹ̀ àgbà mọ ewé, tó sì wá gbọ́ Sípáníìṣì, á ka ohun tí olùkọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀ tán.

Èdè Ṣáínà kò sí ní CEG tiwa, ṣùgbọ́n Confucius Institute ti wà ní Abomey-Calavi láti 2009. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn BAC nìyẹn. Ní ti Lárúbáwá, ọmọ tó ń lọ sí ilé kéwú, ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ nítorí LV2. Ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń ka álífábẹ́ẹ̀tì méjì, èdè tuntun kì í bà á lẹ́rù.

Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kò yàn

Mo fi èyí tó ṣe pàtàkì jù síbí, torí pé òun gan-an ni àwọn òbí kì í béèrè nípa rẹ̀. Wọ́n á ní: ṣebí dandan ni, kí là ń yàn níbẹ̀? Ẹ ń yan bí ọmọ ṣe máa lò ó.

Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n fa ìlà sáàárín ilẹ̀ wa. Kétu, Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ bọ́ sí ọwọ́ kan. Ìpokíá, Ìlaròó àti ìyókù bọ́ sí èkejì. Ìlà náà kò pín ẹbí, ó pín ilé ìwé. Títí di òní, ọmọ ìyá kan lè máa ka «library» ní Ìdìrókò kí èkejì máa ka «bibliothèque» ní Ìfọ̀nyìn, kí àwọn méjèèjì sì jọ sọ Yorùbá níbi ìsìnkú ìyá àgbà. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019, gbogbo ilé ní ẹkùn Plateau tiwa níhìn-ín ló mọ̀ ọ́n lára. Ti Ìdìrókò kò ṣí lábẹ́ òfin títí di oṣù kẹrin 2022. Ẹ bi àwọn oníṣòwò tó ń kọ lẹ́tà sí kọ́sítọ́ọ̀mù nígbà yẹn: èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́?

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Lẹ́yìn tí Màlì, Bùrùkínà Fasò àti Nìjẹ̀r kúrò ní CEDEAO (ECOWAS) ní oṣù kìíní 2025, orílẹ̀-èdè méjìlá ló kù: márùn-ún ń fi Faransé ṣe èdè ìjọba, márùn-ún ń fi Gẹ̀ẹ́sì, méjì ń fi Potogí. Tógò, aládùúgbò wa tó jẹ́ ti Faransé, ti wọ Commonwealth ní 2022.

Ohun tí ọmọ wa ní tí ọmọ Paris kò ní ni ẹnu rẹ̀. Ọmọ tó mọ Faransé nìkan máa ń gbé h mì, «house» á di «ouse». H tiwa wà nínú «ahọ́n», j wà nínú «ọjà», w wà nínú «wá». Ọmọ Pobẹ̀ kò ní kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì. V àti z tí kò sí nínú Yorùbá, tó ń mú kí ará Ìbàdàn pe «van» ní «fan», kó sì pe «zoo» ní «Sue», Faransé ti fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó kù tí kò rí gbà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni ni «th», tí Faransé ń sọ di s, tí àwa ń sọ di t, àti ìyàtọ̀ «ship» àti «sheep». Kó fi ahọ́n sáàárín eyín fún ti àkọ́kọ́. Fún èkejì, kó máa fetí sí rédíò.

Ibi tí Faransé ti ń dá ọmọ ní ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó jọra tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò jọra. «Librairie» ni ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé; «library» ni ibi tí wọ́n ti ń yá a. «Lecture» ní Faransé, ìwé kíkà ni. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ni. Èyí tó burú jù ni «passer un examen», tí kò túmọ̀ sí ju pé èèyàn jókòó ṣe ìdánwò. Ọmọ ẹbí mi kan kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ṣàgámù lọ́jọ́ tó ṣe BEPC tán: I passed my exam. Bàbá pa adìyẹ méjì, ó sì fi owó ránṣẹ́. Nígbà tí èsì jáde tí orúkọ ọmọ kò sí níbẹ̀, wọ́n pè é ní òpùrọ́ ní Ṣàgámù, ojú rẹ̀ sì pọ́n fún ẹkún. Kò purọ́. Faransé ló sọ nínú aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní kí ọmọ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú káyé rẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kó máa fi kún un.

Àwọn kan máa ń rán ọmọ lọ lo ìsinmi nílé mọ̀lẹ́bí ní Èkó kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè já gaara. Ó dára, àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ máa gbà padà. Yorùbá ni wọ́n á máa bá a sọ nínú ilé látàárọ̀ dalẹ́, píjìn ni á gbọ́ láàárín ìgboro. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, á dé pẹ̀lú «how far» àti orin tuntun, kò sì ní tíì kọ gbólóhùn kan. Píjìn kì í ṣe ohun ìtìjú, ó wúlò lọ́jà. Ìdánwò ni kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá máa rán an lọ, ẹ bẹ ẹbí yín kí wọ́n fi sí ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ṣe, kó jókòó láàárín àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìkọ̀wé wọn. Bí àwọn Peace Corps, àwọn olùyọ̀ǹda ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ti wà ní Benin láti 1968, bá rán olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan sí CEG yín, kí ọmọ wọ kílọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì lọ́sẹ̀ tí olùkọ́ náà dé.

Mo ní ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó ń wo iwájú. Ilé ẹ̀kọ́ gíga aládàáni tó ń polówó pé «Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ́ni» pọ̀ ní Kútọnu àti àyíká rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan fi hàn pé òun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì níbẹ̀ láàárín oṣù méjì tí kò tilẹ̀ pé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró. Ẹni tó kàwé rẹ̀ dáadáa jìyà pẹ̀lú ẹni tó ra tirẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí ìjọba Benin fún ẹ̀kọ́ náà gan-an, kì í ṣe fún ilé náà lásán.

Ọmọ tó ti Èkó bọ̀

Ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra: bàbá tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó fún ọdún mẹ́wàá á kó ìdílé rẹ̀ padà wá sí Sakẹ́tẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ «bonjour». Ẹnu rẹ̀ á kọ́kọ́ tan yín jẹ. Nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, á dà bí ọba; nínú mẹ́jọ yòókù, odi ni. Máàkì méjìdínlógún kan kò lè fa mẹ́rin mẹ́rin mẹ́jọ gòkè.

Láti wọ 6ème, CEP, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ń béèrè, Faransé sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìmọ̀ràn mi le létí òbí: ẹ fi ọmọ sí CM1 tàbí CM2 fún ọdún kan, bó tilẹ̀ ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ wá olùkọ́ kan tí yóò máa fi Yorùbá ṣàlàyé Faransé fún un lálẹ́. Mo ní Yorùbá o. Èdè tó yé e jù ni ká fi kọ́ ọ ní èyí tí kò yé e. Nígbà tó bá wá dé 4ème, irú ọmọ yìí ni mo máa ń sọ pé kó mú Jámánì láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì, bí olùkọ́ rẹ̀ bá ti wà.

Yorùbá ńkọ́?

Ọmọ tó ń kọ́ èdè mẹ́ta ní CEG lè má lè ka lẹ́tà tí ìyá rẹ̀ àgbà fi ránṣẹ́. Ní 2013, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹ̀kọ́ ní èdè ìbílẹ̀ wò ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mélòó kan, Yorùbá sì wà lára èdè mẹ́fà tí wọ́n mú. Àwọn ọmọ yín lè má sí lára wọn. Nílé ni ẹ ó ti ṣe é.

Ohun kan máa ń da àwọn ọmọ rú. Álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè tí Benin gbé kalẹ̀ ní 1975 ń kọ ɛ níbi tí ìwé Nàìjíríà ti ń kọ ẹ, ɔ níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ, sh fún ṣ, kp fún p. Nítorí náà, ọmọ lè rí «kpɛkpɛyɛ» nínú ìwé kan, kó rí «pẹ́pẹ́yẹ» nínú èkejì, kó rò pé ẹyẹ méjì ni. Ẹ fi méjèèjì hàn án lọ́jọ́ kan náà, á yé e kí iná tó kú. Ẹ̀yìn náà, kó máa ka ìròyìn BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ní ìkọ tàwọn ará òdìkejì. Ẹni tó bá ti lè sọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ bó ṣe yẹ kò ní bẹ̀rù ohunkóhun tí olùkọ́ èdè bá ní kó fetí sí.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ sí CEG

Ẹ má dúró de ìpàdé òbí. Ẹ lọ ní oṣù kẹfà, kí 5ème tó parí, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò, kí sẹ́ńsọ̀ lè ráyè. Ẹ mú ìwé máàkì ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ sì mú ọmọ náà dání, nítorí òun ló máa jókòó ní kíláàsì. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ hàn yín lórí lísìtì, ML tàbí MC, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí LV2 tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe ìkọ̀wé wà. Mo ti rí ọmọ tó mú Sípáníìṣì tí wọ́n kọ Jámánì fún, tó sì bá a lọ títí di oṣù kejìlá torí ó ń tijú láti sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé ní oṣù kẹsàn-án, tí ẹ sì fẹ́ yí i padà, ẹ lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí èkejì, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kúkúrú ní Faransé, kí òbí fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà kan fún yín. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà náà síbi tí ìwé ìbí ọmọ wà.